Téèpù Aláràbarà Lẹ́sẹ̀ Asáré: Kí La Fi Í Wé?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn asáré kan sọ l'Ékòó nìyí, lórí téèpù tó ń fà bíi rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara nítorí ìrora, nígbà tí eré ọlọ́nà jíjìn kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti yọ ibi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń pariwo kúrò. Àwọn àpárá ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dùn, kó foríjì mí.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wo aago. Ẹni tó lè sá kìlómítà 42, jíjókòó wákàtí kan kò yẹ kó sú u.

Ẹni tó bá lẹ téèpù mọ́ra wá síbí láàárọ̀ yìí, kó nawọ́. Háà! Mo rí búlúù, mo rí píǹkì, mo rí dúdú. Àwọn kan á sọ fún yín pé pupa ń mú ara gbóná, búlúù ń mú un tutù. Irọ́ ni. Gọ́ọ̀mù kan náà ni, fífà kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n tó lẹ àwọ̀ ewé, ó bá bàtà yín mu, iṣẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣe nìyẹn.

Ará Japan kan, Kenzo Kase, ló gbé téèpù yìí jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979. Òwú ni, rọ́bà tín-ín-rín wà nínú òwú ọ̀hún, gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lẹ ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹ tẹ orúnkún. Mo gé e, mo fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó rí róbótó, kí ṣòkòtò má baà máa ká a sókè. Mo fà á díẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ó kí gọ́ọ̀mù gbóná kó tó mú. Ó yá, ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ rí i bí awọ ṣe ká jọ wínníwínní lábẹ́ rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní bí awọ ṣe ká jọ yẹn ló ń gbé e sókè, tí àyè fi ń wà fún ẹ̀jẹ̀ àti omi ara láti kọjá, tí wíwú fi ń lọ, tí ìrora fi ń rọ̀. Ẹ fi awọ tó ká jọ yìí sọ́kàn.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ní Olympics Beijing lọ́dún 2008, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é fún orílẹ̀-èdè 58 ní róòlù 50,000 lọ́fẹ̀ẹ́. Kerri Walsh tó ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá etí òkun fún Amẹ́ríkà lẹ dúdú mọ́ èjìká, ó sì gba góòlù. Ní 2012, Balotelli tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ítálì bọ́ ẹ̀wù lẹ́yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé Jámánì, gbogbo ayé rí búlúù lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni asáré tí kò ní nǹkan kan tó ń dùn ún ti ń wá ibi tó máa lẹ̀ ẹ́ sí. Ẹni tó bá fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú kámẹ́rà gbogbo ayé, ìpolówó ọjà ló ń ṣe.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo lónìí ni pé: kí la fi í wé? Àwọn tó ti bá mi jókòó rí mọ̀ pé ibi tí mo máa ń já sí nìyí. Orúnkún ń dùn ọ́. O dín eré kù, o lẹ téèpù, o fi Aboniki ra á lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ. Ta lo máa yìn? Téèpù ni, òun ló hàn lójú. Ìsinmi kò ní àwọ̀, kò sẹ́ni tó lè ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram. Ewé pẹ́ lára ọṣẹ, ó di ọṣẹ. Téèpù pẹ́ lára ẹsẹ̀ tó ń san fúnra rẹ̀, ó di oògùn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò fi wé e. Ní Brazil, ní São Paulo, àwọn olùwádìí kó èèyàn 148 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ jọ, wọ́n ṣẹ́ ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fa téèpù fún apá kan kí awọ lè ká jọ bí ẹ ṣe rí i lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n yìí. Wọ́n kàn gbé e lé ara apá kejì láìfà á, awọ wọn ò ká rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 2014, ìrora àwọn méjèèjì ló dín kù, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n wò o, kì í ṣe ẹsẹ̀ asáré, mo gbà. Àmọ́ bí awọ tó ká jọ bá jẹ́ oògùn, ó yẹ kó ṣiṣẹ́ níbi tó ti ká.

Agbára ńkọ́? Ní Hong Kong, wọ́n sọ fún èèyàn 30 pé ẹ̀rọ tó ń wo iṣan ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ wọn nítan. Wọ́n bò wọ́n lójú. Wọ́n lẹ téèpù bó ṣe yẹ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ lẹ́tàn, wọ́n tún dán wọn wò láìsí téèpù. Agbára iṣan itan kò yàtọ̀.  Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irú téèpù yìí gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 1.75 kí wọ́n lè parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè é lórí ohun tó ń kọ sára páálí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì wà tí aláìsàn ò tíì ní jókòó tán tí wọ́n á ti fa téèpù yọ. Ọ̀kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀rín ló ń rín yẹn.

Ibi tí mo dé nìyí tí ìyá kan tó dé fìlà funfun fi dìde, kò dúró kí wọ́n gbé gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, orúnkún mi máa ń dùn mí níwájú bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríjì Lekki sí Ìkòyí. Bí mo bá lẹ téèpù, ó máa ń rọ̀. Ṣé irọ́ ni mo ń pa ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, mo sì ní láti pa ìwé tó wà lọ́wọ́ mi dé.

Mọ̀mí, ẹ ò parọ́. Ẹni tí nǹkan ń dùn ló mọ̀. Bí ọmọdé bá fi orí gbá ògiri, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó fi ọwọ́ ra á lórí. Láti 1965 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Melzack àti Wall, ti ṣàlàyé pé ohun tó ń kan awọ ara lè dí ìrora lọ́nà kó tó dé ọpọlọ. Téèpù ń kan awọ yín ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìgbàgbọ́ yín náà wà níbẹ̀, òun náà ń mú ìrora rọ̀ ní tòótọ́. Ohun tí mo ń bá jà ni ẹni tó ń ta ìrọ̀rùn yẹn fún yín bíi pé àtúnṣe ni.

Fún irú orúnkún yín gan-an, ìlànà tí àwọn físíò Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, gbé jáde ní 2019 fàyè gba téèpù tí wọ́n fi ń darí egungun pẹlẹbẹ tó wà níwájú orúnkún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àdéhùn rẹ̀: kó má kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó sì bá ìdárayá rìn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lẹ̀ ẹ́ nítorí pé iṣan á fi ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Nítorí náà, bí téèpù bá jẹ́ kí ẹ lè ṣe ìdárayá, ẹ lẹ̀ ẹ́, mi ò bínú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ òkè sókè, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn kan, ẹ fi gìgísẹ̀ kejì kan ilẹ̀, ẹ padà sókè, kí orúnkún má ṣe yà sínú. Ìbàdí àti itan ni ká fún lágbára, torí àwọn ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Ẹ sì fi bíríjì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ibi tó tẹ́jú pọ̀ ní Ìkòyí.

Alága ti ń na ìka márùn-ún sí mi. Ó dáa, kíákíá.

Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tó ń dùn: ní 1998, dókítà Alfredson ní Sweden ní kí asáré 15 máa dúró létí àtẹ̀gùn, kí wọ́n máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìpele mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Gbogbo wọn padà sórí eré. Ẹ bi mí pé kí ni wọ́n fi wé! Wọn ò ṣẹ́ ìbò, òótọ́ ni. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn wọn ṣẹ́ ẹ, fífi ìdárayá gbé ẹrù lé iṣan lórí ṣì ni wọ́n padà sí. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń dùn bí ẹ bá kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀: téèpù líle tó gbé àárín ẹsẹ̀ ró lè mú un rọ̀ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ń fà bíi rọ́bà kọ́ ni. Ọrùn ẹsẹ̀ tó ti rọ́ rí: téèpù líle tàbí ìdè, bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ó ń dí i lọ́wọ́ kó má tún yí. Rọ́bà kò lè dí i.

Ọmọkùnrin kan ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní ojúgun ń dun òun níbì kan ṣoṣo, òun lè fi ìka kan bò ó, ó tún máa ń dùn lóru. Ṣé òun lè lẹ téèpù kóun sì sá eré náà?

Rárá. Ìyẹn lè jẹ́ egungun tó ti fẹ́ sán. Dá eré dúró lónìí, lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí X-ray ò bá rí nǹkan kan, má yọ̀, torí kì í sábà rí i ní ìbẹ̀rẹ̀. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló máa ń tètè rí i.

Ó ní òun ti sanwó eré náà. Mo ní kó wá rí mi bí ìpàdé bá tú, kó sì rọra rìn wá.