Ta Gan-an Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ Yín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń pè mí jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ dáhùn: "Àǹtí, dókítà ní ọ́tísìmù ni, wọ́n ní ká lọ wá tẹ́rápísì tó ń bá ọmọ ṣe ọ̀rọ̀ ìwà, èyí tí wọ́n ń pè ní ABA. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó dáa?" Mi ò ní máa ṣàlàyé ọ́tísìmù fún yín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a sùn, tẹ́ ẹ̀ ń bá a jí. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tọ́rọ̀ wà.

Èmi náà ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Nígbà tọ́mọ mi ọkùnrin pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo gbé e lọ sí sẹ́ńtà kan l'Ékòó, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Sátífíkéètì ọ̀gá wọn wà lára ògiri nínú férémù aláwọ̀ wúrà, lẹ́tà mẹ́rin gbàgìdì lẹ́yìn orúkọ rẹ̀: BCBA, oyè àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ABA. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sanwó oṣù mẹ́ta. Ẹ gbọ́ o, láàárín oṣù mẹ́ta ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀gá yẹn fojú kan ọmọ mi! Ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama ló ń jókòó tì í láti àárọ̀ dọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn ẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ télọ̀ ni. Ẹ rí aṣọ tí ọ̀gá gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ojú yín wọ̀ ọ́, ẹ gbé léèsì olówó gọbọi kalẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń yí kọ́nà, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò ni wọ́n gbé e fún. Ó di àárọ̀ òde kẹ́ ẹ tó rí i pé apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Èyí tí télọ̀ fojú mi rí nígbà ìnáwó ìyá ọkọ mi... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi wọ́n kì í ṣe "Èló ni?" Kì í ṣe "Oṣù mélòó ló máa fi sọ̀rọ̀?" TA NI YÓÒ JÓKÒÓ TI ỌMỌ MI? Mo tún un sọ o: TA NI YÓÒ JÓKÒÓ TI ỌMỌ MI? Kí wọ́n dárúkọ ẹni náà. Kí wọ́n pè é jáde kẹ́ ẹ rí i.

Iṣẹ́ ABA yìí ní ipele. Ẹni tó jẹ́ BCBA ti gboyè másításì, ó sì ti yege ìdánwò. RBT, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ BCBA, ló máa ń bá ọmọ jókòó gan-an: ìdálẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 40 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ẹni tó jù ú lọ ló sì gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò burú. Ìgbà tí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀ ló burú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ síbi tí BACB, àjọ tó ń fún wọn ní oyè wọ̀nyí, to orúkọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i. Tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀ díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àjọ yẹn kò gba ìforúkọsílẹ̀ tuntun láti ilẹ̀ wa mọ́. Nítorí náà ẹ lè rí ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa n'Íbàdàn tí kò ní lẹ́tà wọ̀nyẹn. Òmíràn á ní oyè IBT (ó jọ RBT) tàbí IBA (ó jọ BCBA), ti àjọ mìíràn. Àmọ́ tẹ́ni tí kò kúrò ní Ṣàgámù rí bá ní òun gba RBT lọ́dún tó kọjá, ẹ bi í dáadáa.

Ó yá, ẹ ní ẹ fẹ́ wò wọ́n níbi iṣẹ́. Gbàrà! Wọ́n á ní "Mọ́mì, tó bá rí yín, á máa sunkún." Kẹ́ ẹ ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ n yọjú lójú fèrèsé." Tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ gbé ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ ẹnì kejì tí mo mú wá. Ọmọ mi ń to ìdérí ìgò mínírà sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ò pè é, kò di ojú ẹ̀ mú pé kó wo òun. Ó jókòó sórí ẹní, ó mú ìdérí kan, ó fi kún ìlà náà. Ọmọ mi yọ ọ́ dànù. Ó tún fi òmíràn. Ó yọ ọ́. Ìgbà karùn-ún, ọmọ yìí dúró, ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà. Obìnrin náà di ìdérí mú, ó ń retí. Ọmọ mi nawọ́! Ó fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì fi bírò sàmì sínú ìwé ẹ̀. Ìwé yẹn, ẹ máa béèrè ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló nawọ́ nínú ìgbà 10. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀ẹ̀meje. Ẹni tó bá kàn ń sọ pé "ó ń gbìyànjú, Mọ́mì" tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, kí ló ń kà?

Mo ti ń bínú báyìí, ẹ forí jì mí. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun á lé ọ́tísìmù lọ, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó bá ń di ọwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀ torí pé ó ń fì í, bákan náà. Ìyà tiẹ̀ ti wọnú iṣẹ́ yìí rí o: Ivar Lovaas, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní California, ẹni táwọn èèyàn ń tọ́ka sí títí dòní, gbá ọmọ létí, ó sì jẹ́ kí iná mànàmáná gbé wọn láwọn ọdún 1960 sí 1969. Ìwádìí tó gbé jáde ní 1987 ló sọ "wákàtí 40 lọ́sẹ̀" di orin. (Wákàtí ìtọ́jú ọmọ nìyẹn, kì í ṣe wákàtí ìdálẹ́kọ̀ọ́ RBT tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má pò ó pọ̀.) Àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù, tí wọ́n fi irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wò ní kékeré, ṣì ń sọ bó ṣe ro wọ́n lára.

Nítorí náà ẹ bi í: "Tó bá kọ̀ ńkọ́?" Tó bá ní òun á mú un jókòó títí á fi gbà, ẹ wọ bàtà yín. Tó bá ní òun á kọ́kọ́ wo ohun tó fà á, bóyá ariwo jẹnẹrétọ̀ ni, bóyá okùn ọrùn aṣọ ló ń yún un, ẹ fún un ní omi tútù.

Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n lọ́la, tí wọ́n bá ní "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá wa ò kẹ̀rẹ̀," ẹ ní ẹ ti gbọ́. Kí ẹ wá tún un bi: ta ni?