Nígbà Tí Ààbò Méjì Bá Pàdé Nínú Ẹ̀jẹ̀ Kan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan kí yín. Ọmọ kan jogún ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ibà gbé e ṣánlẹ̀. Ọmọ kejì jogún nǹkan mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọmọ kẹta wá jogún méjèèjì. Ta ni ibà kò ní rí gbé ṣe jù nínú wọn?

Mo ń gbọ́ yín, ẹ ní ọmọ kẹta. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, Thomas Williams, onímọ̀ ìṣègùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọdé ní Kilifi, létíkun Kẹ́ńyà, jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ kẹta yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tí kò jogún ọ̀kankan. Ààbò méjèèjì ti fagi lé ara wọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni S, tí gbogbo yín mọ̀. Ìdílé wo níbí ni kò tíì sọ̀rọ̀ AA, AS àti SS nígbà tí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé? S jẹ́ àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì (àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara) tó ń ṣe ẹ̀ka beta hemoglóbìn, ìyẹn purotéènì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Ẹni tó ní méjì ni fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Ẹni tó ní ẹyọ kan, AS, kì í sábà mọ̀ ọ́n lára, ó sì ní ààbò tó tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 lọ́wọ́ ibà líle.

Ohun kejì kì í dé ìjókòó àna. Hemoglóbìn ní ẹ̀ka mìíràn tó ń jẹ́ alpha (kì í ṣe alfa mọ́ṣáláṣí o). Jíìnì mẹ́rin ló ń ṣe é, méjì láti ọ̀dọ̀ bàbá, méjì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà, títí kan ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́rin yìí ti já dànù láti ìran àtijọ́. Wọ́n ń pè é ní alpha thalassaemia. Kì í sábà dá ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀, òun náà sì máa ń dín ewu ibà líle kù.

Kí ló wá dà wọ́n pọ̀ tí nǹkan fi bàjẹ́? Kí hemoglóbìn tó pé, alpha méjì gbọ́dọ̀ so mọ́ beta méjì. Nínú ara ẹni tó jẹ́ AS, beta A wà, beta S wà, àwọn méjèèjì ló ń wá alpha fẹ́. Bí alpha bá pọ̀, kálukú á rí tirẹ̀. S á kó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 gbogbo hemoglóbìn. Ṣùgbọ́n bí jíìnì alpha méjì bá ti sọnù, ìyàwó ò kárí mọ́. Alpha sì fẹ́ràn A ju S lọ. S á bá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 30, tàbí kó tilẹ̀ dín. S tó yẹ kó máa da kòkòrò ibà láàmú nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kò tó nǹkan mọ́.

Epistasis ni àwọn onímọ̀ ń pe irú nǹkan báyìí. William Bateson, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, fún jíìnì tó bo iṣẹ́ òmíràn mọ́lẹ̀. Yóò tètè yé àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta: bó ti wù kí aró dára tó, ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ kọ kò ní gbà á. Ti Kilifi jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí níbẹ̀, aró pa ẹ̀kọ, ẹ̀kọ náà pa aró.

Ẹ má tíì dá alpha thalassaemia lẹ́bi. Ẹ gbé e lọ sínú ara ẹni tó jẹ́ SS, ẹjọ́ á yí padà. Níbẹ̀, hemoglóbìn kì í fún pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, S kì í tètè gan mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì kì í yára fọ́, ewu rọpárọsẹ̀ sì dín kù. Ìrora egungun ńkọ́? Ìyẹn kì í dín. Nígbà míì ó máa ń pọ̀ sí i, torí ẹ̀jẹ̀ ti ki.

Jíìnì mìíràn tún wà, BCL11A, tó ń pa iná hemoglóbìn ọmọ inú oyún lẹ́yìn tí wọ́n bá bí wa. Hemoglóbìn yìí ló ń gba ìkókó SS sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Àwọn kan wà tí iná náà kò kú tán lára wọn, àìsàn wọn kì í sì í le. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú Casgevy, tí Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní òpin ọdún 2023, ti rí ọ̀nà: kò fọwọ́ kan S rárá, BCL11A ló dá dúró nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ìyá kan béèrè bóyá èyí fàyè gba AS méjì láti fẹ́ra. Rárá, mà. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin ṣì ni pé ọmọ á jẹ́ SS, alpha kò yí ìyẹn padà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ló kù. Anthony Allison, onímọ̀ ìṣègùn, ti fi hàn ní 1954 pé ibà ló jẹ́ kí S gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ibà kan náà jà ní Gíríìsì àti gúúsù Ítálì fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Kí ló dé tí S kò fi gbilẹ̀ níbẹ̀ bíi tiwa? Ní 2009, Bridget Penman, Sunetra Gupta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìṣirò dá a lóhùn. Alpha thalassaemia àti beta thalassaemia (níbi tí jíìnì beta kò ti ń ṣe beta tó) ló wà níbẹ̀ pọ̀. S tó bá wọlé á bá alpha tó ń gba ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀; ọmọ tó bá sì jogún S pẹ̀lú beta thalassaemia á ṣàìsàn tó lè le bíi SS. Àwọn thalassaemia méjèèjì ní tiwọn mọ ara wọn gbé, torí alpha ń mú kí àìsàn beta fúyẹ́. Láti ìran dé ìran, ọ̀dọ̀ wọn ni ibà ń bá ààbò, S kò sì rí àyè jókòó.