Ẹ Bèèrè, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀: Ẹ̀tọ́ Àwa Mùsùlùmí Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Nígboro ní Amẹ́ríkà

Asalaamu alaikum o, ẹ̀yin ará mi. Àwọn tí ò ráyè wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe lórí ẹ̀tọ́ wa ló ní kí n kọ ohun tí mo sọ, mo sì ti kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tó ń fò láti ibì kan bọ́ síbòmíì, ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ní Amẹ́ríkà tá a wà yìí, òfin tó dáàbò bo ẹ̀sìn wa wà, ó sì lágbára ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n kìí wá èèyàn wá sílé. Ẹni tó bá bèèrè, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì gbé e lọ síbi tó yẹ lásìkò, òun ló ń rí nǹkan gbà. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi nínú pálọ̀ àwọn èèyàn àti níwájú mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: máníjà tó ń fi shift ọ̀sán Friday sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀gá tó wo hìjáàbù tó ní "a máa pè yín" tí ò sì pè mọ́, ẹni tó rí Kamorudeen lórí síífì, ìwé ìwáṣẹ́, tó bá sọ síífì náà nù. Tí mo bá wá bi wọ́n pé ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀, ta ló wà níbẹ̀, ṣé ímeèlì kankan wà, wọ́n á ní "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Ọlọ́hun ń wò wọ́n." Òótọ́ ni, Ọlọ́hun ń wò wọ́n. Àmọ́ EEOC ò rí wọn.

EEOC yìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn ló ń gbọ́ ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ dù. Òfin tí wọ́n ń lò ni Civil Rights Act tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní July 2, 1964, ká sì máa rántí pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sílẹ̀ yìí ló fi ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n rà á, àwa tá a bá wọn níbí kàn ń jẹ nínú ẹ̀ ni. Apá tí wọ́n ń pè ní Title VII sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ò gbọdọ̀ torí àwọ̀, ẹ̀sìn, ibi téèyàn ti wá, tàbí torí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, kó fi iṣẹ́ dù ú tàbí kó lé e. Lọ́dún 1972 wọ́n wá fi kún un pé ẹ̀sìn kìí ṣe ohun téèyàn gbà gbọ́ nìkan, ohun tó ń ṣe náà wà níbẹ̀, ìrun, aṣọ, irùngbọ̀n, ààwẹ̀, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ wá àyè fún un àfi tó bá máa ni iṣẹ́ ẹ̀ lára.

Ibi "ni lára" yẹn ni wàhálà wà. Lọ́dún 1977, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹjọ́ TWA v. Hardison, láàárín iléeṣẹ́ bàálù kan àti òṣìṣẹ́ ẹ̀, tí àwọn kọ́ọ̀tù tó kù wá ń túmọ̀ sí pé tí ohun tó máa ná ọ̀gá bá ṣáà ti ju bíńtín lọ, ó lè kọ̀. Ọdún 46 ni wọ́n fi lo ìyẹn. Ẹ wo bí ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn ṣe máa pàdánù Jímọ̀ àti iṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn torí bíńtín!

Ẹni tó wá tú u kìí ṣe Mùsùlùmí o. Gerald Groff lorúkọ ẹ̀, Kírísítẹ́nì tó ń pín lẹ́tà ní Pennsylvania, ó ní òun ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday nígbà tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù Amazon kiri lọ́jọ́ náà. Ní June 29, 2023, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé bíńtín ò tó, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìnira náà tóbi gidi tá a bá wo bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí lápapọ̀. Ẹjọ́ ọjọ́ Sunday Kírísítẹ́nì ló mú kí ọ̀nà Jímọ̀ tiwa gbòòrò sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀, wọ́n rò pé àwa àtàwọn ni ìjà yìí, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò dárúkọ Mùsùlùmí rárá, ẹ̀sìn ló pè é, ẹnikẹ́ni tó bá sì borí níbẹ̀, gbogbo wa la borí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti hìjáàbù, torí òun lẹ bèèrè jù. Lọ́dún 2008, ọmọbìnrin ọdún 17 kan lọ fún íntáfíù ní ṣọ́ọ̀bù Abercrombie & Fitch ní Tulsa, Oklahoma, pẹ̀lú hìjáàbù lórí. Igbákejì máníjà tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún un ní máàkì tó tó láti gbà á. Àmọ́ ilé iṣẹ́ yẹn ní òfin ìmúra, òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ dé fìlà, ni igbákejì máníjà náà bá lọ bi ọ̀gá àgbègbè, ó tiẹ̀ sọ fún un pé òun rò pé torí ẹ̀sìn lọmọ náà ṣe wé e. Ọ̀gá ní kí wọ́n má gbà á. EEOC gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, ohun tí ilé iṣẹ́ náà wá ń rò lẹ́jọ́ ni pé ọmọ náà ò sọ fáwọn pé torí ẹ̀sìn ni, báwo làwọn ṣe fẹ́ mọ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbọ́ngbọ́n! Wọ́n mọ̀ tó láti lé e padà, àmọ́ wọn ò mọ̀ tó láti jẹ̀bi. Wọ́n sì rí i lò o, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre. Ìgbà tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní June 1, 2015 ni adájọ́ 8 nínú 9 yí i padà, Adájọ́ Scalia ló kọ ìdájọ́ náà, ó ní kò di dandan kí ọ̀gá mọ̀ dájú, tó bá ti jẹ́ pé torí kó má baà ṣe ètò fún ẹ̀sìn yẹn ló ṣe kọ èèyàn, ó ti rú òfin.

Ọdún méje ló gbà láti íntáfíù dé ìdájọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi ẹjọ́ yẹn ṣe ibùsùn. Ẹ sọ ọ́ síta, ẹ má dúró kí ọ̀gá fura fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ti fún yín níṣẹ́, ẹ kọ ímeèlì kékeré, kò nílò gírámà lọ́yà: "Ẹ̀sìn mi ní kí n kí ìrun Jímọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Friday. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n gba brẹ́ẹ̀kì mi láago 1 sí 2, màá dí i padà lálẹ́." Ó tán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti wọ inú ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ti wọ inú ẹ̀, ọjọ́ sì wà lórí ẹ̀. Tí máníjà bá wá fi ẹnu dá yín lóhùn nínú kọ́rídọ̀, ẹ tún kọ òmíì sí i pé "gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé kò ṣeé ṣe." Ẹ ò bú u, ẹ kàn ń rán an létí ni. Kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ẹ̀ síbi tó jẹ́ tiyín, torí ọjọ́ tí wọ́n bá lé èèyàn ni ímeèlì ibiṣẹ́ náà ń kú.

Ti irùngbọ̀n, ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ní Newark, New Jersey, àwọn ọlọ́pàá Mùsùlùmí méjì ní ẹ̀sìn àwọn ò jẹ́ káwọn fá irùngbọ̀n, ọ̀gá ọlọ́pàá sì kọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹ́ káwọn tí awọ ojú wọn ń yọ nǹkan dá a sí. Lọ́dún 1999, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ní tẹ́ ẹ bá lè gbà fún aláìsàn, ẹ ò lè kọ̀ fún ẹlẹ́sìn. Adájọ́ tó kọ ọ́ ni Samuel Alito. Ọdún 16 kọjá, Alito kan náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí adájọ́ tí kìí fẹ́ yí nǹkan àtijọ́ padà, ti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ẹlẹ́wọ̀n Mùsùlùmí kan ní Arkansas sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìwé sí wọn látinú ẹ̀wọ̀n pé òun fẹ́ dá irùngbọ̀n tí ò ju ìdajì ínṣì lọ sí. Àwọn wọ́dà ní ó lè fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ṣé inú irùngbọ̀n ìdajì ínṣì? Irun orí ńkọ́, tí wọn ò ní kó fá? Gbogbo adájọ́ ló dá a láre, Holt v. Hobbs, January 2015. Ẹlẹ́wọ̀n tó ní bírò lásán o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà, kí lẹ fẹ́ rí sọ?

Ọ̀rọ̀ kíkọ́ mọ́sáláṣí, màá yára kọjá níbẹ̀. Ẹnu kìí sọ pé "a ò fẹ́ Mùsùlùmí ládùúgbò", ibi ìgbọ́kọ̀sí ló máa ń bọ́ sí. Ní Bernards Township, New Jersey, mọ́sáláṣí kan fẹ́ kọ́ ibi ìrun, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ àyè ọkọ̀ 50, ìgbà tó kàn wọ́n ó di 107. Ìpàdé 39 ni wọ́n fi jókòó lórí ẹ̀ kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Òfin ọdún 2000 kan, RLUIPA, tó dáàbò bo ilé ìjọsìn àti ẹ̀sìn àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ló gbà wọ́n, ìlú náà san $3.25 mílíọ̀nù lọ́dún 2017. Òfin yẹn kan náà ni ẹlẹ́wọ̀n Arkansas lò. Tilé-ìwé ìjọba náà, ní Muskogee, Oklahoma, wọ́n lé ọmọ ọdún 11 kan sílé lọ́dún 2003 torí hìjáàbù, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ sì dá sí i, ó parí lọ́dún 2004 pé kó máa wé e. Ẹ̀yin òbí, tí tíṣà bá fi ẹ̀sìn ṣe ọmọ yín yẹ̀yẹ́, lẹ́tà sí prínsípà lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà yẹn lẹ tó máa bínú.

Pápákọ̀ òfuurufú wá ńkọ́? Tí wọ́n bá fẹ́ yẹ hìjáàbù wò, ẹ lè ní kó jẹ́ obìnrin ló máa ṣe é, ẹ sì lè ní kó jẹ́ níyàrá ìkọ̀kọ̀. Fótò páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà náà, wọ́n gba hìjáàbù, ẹ kàn máa fọwọ́ sí ìwé pé torí ẹ̀sìn ni. FBI tó bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ lè sọ pé ẹ ò ní sọ̀rọ̀ láìsí lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ má pa irọ́ fún wọn o, irọ́ yẹn gan-an ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ó ti kó bá àwọn tí ò ṣe nǹkan kan. Ní bọ́dà ó yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ń fi físà wọlé, tó bá kọ̀ láti dáhùn, wọ́n lè ní kó padà. Àwọn Mùsùlùmí kan tó sọ pé FBI fi orúkọ àwọn sínú ìwé àwọn tí ò gbọdọ̀ wọ bàálù torí pé àwọn kọ̀ láti ṣe amí láàárín àwọn ará àwọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní December 2020 ní wọ́n lè pe àwọn òṣìṣẹ́ náà lẹ́jọ́ kí wọ́n sì bèèrè owó.

Mi ò ní tàn yín o, a tún máa ń pàdánù. Ọdún 2018, adájọ́ 5 sí 4 fọwọ́ sí òfin tí Trump fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, lọ́dún 2020 wọ́n fi Nàìjíríà kún un fún físà àwọn tó fẹ́ wá gbé. Biden fagi lé e ní ọjọ́ tó wọlé, January 20, 2021, ṣùgbọ́n ìdájọ́ 2018 yẹn ò kúrò nílẹ̀, ààrẹ tó bá wù ú lè gbé e jáde. Ní bọ́dà, agbára ààrẹ pọ̀ gan-an. Lẹ́nu iṣẹ́ níbí, ọwọ́ yín ló pọ̀ sí.

Ó wá ku ọjọ́, òun ló ń pa ẹjọ́ wa jù. Ọjọ́ 180 lẹ ní láti gbé ẹ̀sùn lọ bá EEOC, ó máa ń di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú bá ní àjọ tiẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ 45 péré lẹ ní láti kàn sí agbaninímọ̀ràn EEO, ẹni tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn yìí níbiṣẹ́ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní pósítọ́fíìsì àti ọsibítù àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, mo ń bá yín wí. Tí EEOC bá fún yín ní lẹ́tà pé ẹ lè lọ sí kọ́ọ̀tù, ọjọ́ 90. Owó ò sí níbẹ̀, kò sì di dandan kẹ́ ẹ ní lọ́yà láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ má máàkì ẹ̀sìn nìkan tó bá jẹ́ pé ọ̀gá yẹn tún ń fi bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín tàbí tó ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ẹ máàkì àwọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ ti wá pẹ̀lú, gbogbo ẹ̀ ló láyè tiẹ̀. Ẹni tíbi iṣẹ́ ẹ̀ ò tó òṣìṣẹ́ 15, kó wo òfin ìpínlẹ̀: California bẹ̀rẹ̀ láti 5, New York ò ka iye rárá.

Arákùnrin kan bèèrè pé tí òun bá fẹ̀sùn kan ọ̀gá, tó wá gé wákàtí òun kù ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìgbẹ̀san, òfin kọ̀ ọ́, ó sì máa ń rọrùn láti fi hàn ju ẹ̀sùn àkọ́kọ́ lọ, torí ọjọ́ ló ń sọ̀rọ̀: ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ Monday, wọ́n gé yín lọ́jọ́ Wednesday. Ṣé ẹ wá rí ìwúlò ímeèlì?

Alhaja kan tó ní ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ló bèèrè kẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ní òṣìṣẹ́ 30, ọmọ kan nínú wọn ò fẹ́ wá lọ́jọ́ Sunday torí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé àwọn lè lé e? Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo ní, Alhaja, ẹjọ́ Groff tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀gá inú ẹ̀ báyìí. Ẹ bi àwọn tó kù bóyá ẹnì kan á gba Sunday ẹ̀ kó fún un ní Saturday, ẹ wò ó bóyá ó lè máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án lẹ́yìn ìsìn, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbìyànjú sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un lésì lórí ìwé. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Monday.