Hugh Clapperton: Ọmọ Ogun Ojú Omi tó gba orí ilẹ̀ dé Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ káàbọ̀ o. Kí ni ọ̀gá inú ọkọ̀ ogun ojú omi ń wá ní Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí kò sí òkun?

Annan ní Scotland ni wọ́n ti bí Clapperton ní 1788. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló wọ ọkọ̀ oníṣòwò, kí wọ́n tó fi túláàsì sọ ọ́ di ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jà ní Mauritius ní 1810, ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn adágún ńláńlá Kánádà, ó di lieutenant. Àmọ́ nígbà tí ogun Napoleon parí, ọ̀gá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ní 1817, wọ́n dá a padà sílé, wọ́n ń san ààbọ̀ owó oṣù fún un. Ẹni tí kò lọ́kọ̀, ibo ló ti fẹ́ rí ìgbéga? Ìdí nìyí tí ìrìn àjò Borno ní 1822 fi wù ú.

Ìmọ̀ awakọ̀ òkun wúlò lórí ilẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ẹ fi sextant, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn igun, wọn bí oòrùn ṣe ga tó, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 90, kí ẹ wá fi iye tí ìwé ìṣirò ojú ọ̀run kọ sí ọjọ́ náà kún un, tàbí kí ẹ yọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà ọdún bá ṣe rí. Ohun tó bá kù ni iye dígírì tí ibẹ̀ fi jìnnà sí agbedeméjì ayé. Lórí ilẹ̀, igi àti òkè máa ń dí ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga oòrùn. Nítorí náà, wọ́n á da mákúrì, irin olómi tó ń dán bíi dígí, sínú àwo, wọ́n á wọn àárín oòrùn àti òjìji rẹ̀ nínú àwo, wọ́n á pín in sí méjì. Wàhálà wà ńbẹ̀: tí oòrùn bá ga tó dígírì 75, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 150, bẹ́ẹ̀ sì ni sextant ìgbà náà sábà máa ń dúró sí nǹkan bí 120. Àfi kí èèyàn dúró de ìràwọ̀ lóru, bí kùrukùru ọyẹ́ bá gbà.

Ní Sókótó ní 1824, kọ́kọ́rọ́ àpótí àwo yìí sọnù. Clapperton tọrọ ọ̀bẹ láti fi ṣí i, ọ̀bẹ kéré. Ó bá ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ aṣóró. Ẹ̀rù ba Sultan Bello, ó fa idà tirẹ̀ yọ dé ìdajì!

Wọ́n sọ Clapperton di commander, ipò tó ga ju lieutenant lọ, ní 1825, ó sì gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé fún ìrìn àjò kejì ní ìparí ọdún náà. Ibà pa Pearce àti Morrison, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lójú ọ̀nà. Ó dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Májòtú ní January 1826, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di March. Nígbà tó padà dé Sókótó, Bello ń bá Borno jagun lọ́wọ́. Ó gba ẹ̀bùn tí Clapperton ń gbé lọ fún El-Kanemi, olórí Borno, kò sì jẹ́ kó kọjá. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa Clapperton ní 13 April 1827. Richard Lander, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló sin ín, òun náà ló sì kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ gba ilẹ̀ Yorùbá padà dé Àgbádárìgì.