Òkìríkà Ni Àṣà Ẹlòmíì, Ẹ Pe Ọbíọmà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ nìyí, ní ọ̀sán Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́bàá Sábó ní Ìkòròdú. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Iná kò sí lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́, ohùn lásán ni mo fi sọ ọ́. Bí ẹ bá rí ibi tó dà bíi pé mo ń pariwo, ẹ forí jì mí.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi. Ta ni nínú yín tí kò wọ òkìríkà rí? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹ̀ ń lọ sọ́jà, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣa ṣòkòtò tó dáa, aṣọ gidi, tí wọ́n rán dáadáa. Ẹ délé, ẹ wọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ṣòkòtò náà. Ara ẹlòmíì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ò ní sọ ọ́ nù, ẹ ò sì ní wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ ó dúró de ọbíọmà, ẹni tó gbé máṣíìnì lé èjìká tó ń ta àlùmọ́gàjí kọ̀-kọ̀-kọ̀ kọjá níwájú ilé. Yóò wọ̀n yín, yóò gé e, yóò ká a, ó di tiyín.

Gbogbo ìmọ̀ràn tí à ń rí lórí fóònù nípa bí èèyàn ṣe lè ríṣẹ́ ṣe dáadáa, òkìríkà ni. Mi ò ní kò dáa o. Mo ní wọn kò fi ara yín wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí. Nígbà kan, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Maryland, ní Èkó níbí. Mo rí fídíò òyìnbó kan tó ní aago mẹ́rin àárọ̀ ni òun ń jí, òun á mu omi, òun á kọ̀wé, òun á sáré, kí ayé tó lajú. Mo ní mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tí o bá ń gbé Ìkòròdú tí iṣẹ́ rẹ wà lókè ọ̀hún, láago mẹ́rin àárọ̀ ìwọ kọ́ lo wà nídìí ìwé, orí ìlà lo wà ní ibùdókọ̀ Agric, o ń du ìjókòó. Ni mo bá sún jíjí mi sẹ́yìn sí aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì. Maryland ló yẹ kí n ti sọ̀, Fádéyì ni mo ti lajú, itọ́ mi sì wà léjìká bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí. Ìwé ìkìlọ̀ ni mo bá lórí tábìlì lọ́jọ́ kejì. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ṣí ìwé tí mò ń kọ láàárọ̀ yẹn wò, gbólóhùn kan náà ni mo kọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò sì rántí.

Òyìnbó yẹn kò parọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé ìdí tábìlì rẹ̀ kò lè ju ìgbẹ́sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Láti orí bẹ́ẹ̀dì tèmi dé ìdí tábìlì, wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Ṣòkòtò rẹ̀ ni mo wọ̀, mi ò pe ọbíọmà.

Ẹnìkan á ti máa rántí òwe báyìí, pé kùtùkùtù kì í jíni lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n pa á fún? Àgbẹ̀. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ ebè púpọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wá lọ sí Báyékù níbí, ẹ bi àwọn apẹja létí ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo òru lórí omi, ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó já ẹja wálé. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe apẹja ní ọ̀lẹ nítorí ó ń sùn lọ́sàn-án? Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò ńkọ́? Àwọn baba wa kò ní àkókò iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwa la mú òwe kan nínú ọgọ́rùn-ún, tá a sọ ọ́ di òfin.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìnnà. Ní 1976, Horne àti Östberg gbé àwọn ìbéèrè kan jáde tí èèyàn lè fi mọ̀ bóyá ẹni àárọ̀ ni òun tàbí ẹni alẹ́, títí dòní ni wọ́n sì ń lò ó. Ní 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣàwárí bí aago inú ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní gba ibi tí wọ́n ti rí i gbọ́: nínú ara àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà. Èròjà kan ń kóra jọ nínú sẹ́ẹ̀lì lóru, ó ń tú ká lọ́sàn-án, bí wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣe ń yí. Àwa náà ní irú aago bẹ́ẹ̀. Ti ẹlòmíì ń yára, ti ẹlòmíì ń fà. Ti àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń fà, bí èèyàn bá sì ṣe ń dàgbà ló ń padà sí àárọ̀. Ìdí tí ìyá àgbà fi ń gbálẹ̀ láago márùn-ún nìyẹn, tí ọmọ ọdún 18 ṣì ń hanrun nínú yàrá.

Mo rí àwọn kan lẹ́yìn tó ń mi orí, inú wọn ń dùn. Ẹ fara balẹ̀. Tí o bá ní ẹni alẹ́ ni ọ́, kí lo ṣe lálẹ́ àná láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá? Tó bá jẹ́ fídíò lo ń wò, ìyẹn kì í ṣe aago ara, fóònù ni.

Ẹ jẹ́ ká wo òkìríkà mìíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Ítálì, Francesco Cirillo, rí i pé òun kì í lè jókòó ti ìwé. Ó wá mú aago ìdáná kan tí wọ́n ṣe bíi tòmátì, ó yí i: á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, aago á dún, á sinmi. Ó dúró sí ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́, 5 fún ìsinmi. Pomodoro ló pè é, tòmátì náà nìyẹn lédè wọn. Mo ti lò ó. Tó bá jẹ́ ìwé kíkà tàbí èsì lẹ́tà, ó dára gan-an. Tó bá jẹ́ ìṣirò ìparí oṣù, bí mo bá ti fi máa rántí ibi tí mo bá a dé, aago á tún dún.

Ibẹ̀ ni mo bá ọ̀rọ̀ dé tí ìyá kan tó ń ránṣọ ní Ìpakodò fi nawọ́.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá dúró ní ìṣẹ́jú 25, ta ni yóò bá mi dá iná padà? Iná ni tòmátì tèmi. Bó bá ti dé, òru ni o, ọ̀sán ni o, mo ti dìde. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ áyọ́ọ̀nù àti máṣíìnì oníná ni màá dojú kọ. Bó bá lọ, màá gé aṣọ, màá fọwọ́ gán etí rẹ̀, màá lẹ bọ́tìnnì, màá pe àwọn oníbàárà. Mo pín iṣẹ́ mi sí méjì, iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ òkùnkùn."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá wa ṣàlàyé iṣẹ́ òkùnkùn náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rín gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ìyá yìí kò fi aago pín iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ló fi pín in. Iná kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bá a jà. Ó ṣètò tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tó bá dé tàbí tó bá lọ, ọwọ́ òun kò ní ṣófo. Ká ní ó lọ ra aago tòmátì ni, ì bá ti sọ ara rẹ̀ lọ́lẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin náà mọ alájọ Ṣómólú. Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀, ó kú ní 2012. Wọ́n máa ń ní orí èèyàn pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò, tó fi ra kẹ̀kẹ́. Lójú tèmi, ọgbọ́n gidi ló fi ṣe é. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wọ ọjà dé ọjà, kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, kí ni yóò fi mọ́tò ṣe? Ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà, mọ́tò kò gbà á. Aládùúgbò rẹ lè fẹ́ mọ́tò. Ìyẹn kàn án.

Ẹ sì wo iṣẹ́ alájọ fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà, ìlérí tí wọ́n bá ṣe fún ara wọn, omi ni. Ṣùgbọ́n bí alájọ bá ti ń bọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n á ti ka owó sọ́wọ́. Tó o bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wá alájọ fún iṣẹ́ rẹ: ọ̀rẹ́ kan tí wàá máa fi ohun tó o ṣe ránṣẹ́ sí lálaalẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru bí ẹnìkan bá ń ṣọ́ wọn. Èmi wà lára wọn. Ẹ fi wá sílẹ̀.

Báwo lo ṣe máa mọ tìrẹ? Ọbíọmà kì í gé kó tó wọ̀n. Ra ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, má yí ohunkóhun padà, kàn máa kọ ọ́: ìgbà wo lorí rẹ já geere, ìgbà wo ni oorun gbé ọ, kí ló dá ọ lọ́wọ́ kọ́. Tèmi yà mí lẹ́nu. Bọ́ọ̀sì tí mò ń bú lójoojúmọ́, inú rẹ̀ nìkan ni kò ti sí ẹni tó ń pe orúkọ mi. Ọ̀nà BRT, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, ti gùn láti Mile 12 dé Ìkòròdú láti 2015, mo sì ti ń fi ìbínú jókòó sórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí fóònù, mò ń ka ẹ̀kọ́ ìdánwò mi sínú rẹ̀. Bí mo bá ti fìdí lé ìjókòó, mo ti ki í bọ etí kí bọ́ọ̀sì tó dé Ògólóǹtò. Bí mo ṣe yege nìyẹn. Ẹnìkejì mi tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó gbìyànjú rẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Òun wá ń fi orí lásán to iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ìlú kan náà, ọ̀nà tó yàtọ̀ síra.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ 21 dẹ́rù bà yín, pé iye ọjọ́ tí nǹkan fi ń di àṣà nìyẹn. Dókítà tó ń tún ojú èèyàn ṣe, Maxwell Maltz, ló kọ ọ́ ní 1960 pé ó kéré tán, ọjọ́ bíi 21 ni ojú tuntun fi ń mọ́ aláìsàn lára. Àwọn èèyàn gbé ọ̀rọ̀ ojú lọ sórí gbogbo nǹkan. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọ́pa èèyàn 96 tó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan di àṣà, ìṣirò wọn bọ́ sí ọjọ́ 66 fún ẹni tó wà láàárín gbùngbùn. Ti ẹlòmíì jẹ́ 18, ti ẹlòmíì dé 254. Wọ́n sì rí i pé ẹni tó fo ọjọ́ kan kò ba nǹkan kan jẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó máa ń pa gbogbo rẹ̀ tì ní Túsìdeè nítorí pé wọ́n kùnà ní Mọ́ńdè gbé lọ sílé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà lálẹ́ ní òun fẹ́ béèrè aago tó yẹ kí òun máa jí. Mo ní ìgbà wo ló ń sùn? Ó ní ó di...

Ariwo "Up NEPA!" gba gbogbo àdúgbò kan. Fáànù tó wà lókè wa bẹ̀rẹ̀ sí yí. Nígbà tí mo fi máa wo iwájú padà, ìyá aránṣọ ti há àpò rẹ̀ sí abíyá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ó ní. "Tòmátì mi ti dún."