Kí Ló Pa Ààtàn Àtijọ́ Pọ̀ Mọ́ Ọkọ̀ Ẹ̀bá Títì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn rèé: ààtàn tí wọ́n ti tì, tí wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ bò, tí koríko ti hù lórí rẹ̀, kí ló fà á tí wọ́n fi ní kí a má páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó wà nítòsí rẹ̀ mọ́?

Ẹ jẹ́ ká ti abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pàǹtírí tó ń jẹrà níbi tí atẹ́gùn kì í dé máa ń tú gáàsì jáde, ó sì lè máa tú u fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti dẹ́kun dída ilẹ̀ síbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì gáàsì yìí ni methane. Methane kì í rùn. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tí à ń gbọ́, gáàsì mìíràn ló ni ín. Tí methane bá wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, iná kékeré ti tó láti mú un bú gbàmù.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa sọ pé ọkọ̀ òun á bú gbàmù o. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ á gbé gáàsì lọ. Ibi tó há ló léwu: gọ́tà tí wọ́n dé lórí, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ihò tí wáyà gbà kọjá. Bí wọ́n bá fi amọ̀ bo ààtàn, tí gáàsì kò rọ́nà gba òkè, ó lè gba ẹ̀gbẹ́. Bó ṣe rìn lábẹ́ ilẹ̀ wọ ilé kan nìyẹn ní Loscoe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1986. Ilé náà fọ́ yángá, èèyàn 3 sì fara pa.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò ìṣọ́ sí etí ààtàn. Òṣìṣẹ́ á ṣí ìdérí, á so rọ́ọ̀bù ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ páìpù, á sì ka iye methane tó wà níbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní ààlà ilẹ̀ náà. Bí ìdérí bá wà ní ẹ̀bá títì, tí táyà ọkọ̀ sì jókòó lé e, òṣìṣẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ráàyè dé ibẹ̀, á sì kọjá lọ. Lójú tèmi, àlàfo inú ìwé yẹn ló burú jù.

Ti panápaná náà wà níbẹ̀. Ẹ mú títì tó fẹ̀ ní mítà 8. Ọkọ̀ tó wà lọ́tùn-ún gba mítà 2, tòsì gba 2. Mítà 4 ló kù, bẹ́ẹ̀ òfin iná tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ń béèrè bíi 6. Iná ààtàn sì lè máa jó lábẹ́ láìhàn, omi nìkan kì í fìgbà gbogbo pa á. Wọ́n á nílò katakítà àti iyẹ̀pẹ̀. Sálẹ́ńsà tó gbóná lórí koríko gbígbẹ náà lè dá iná sílẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ fífi òfin yìí lé àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀ láìwá ibòmíì fún wọn. Òótọ́ ni pé kò yẹ kí wọ́n máa dáná síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a lé kúrò ní títì kan á wọ títì kejì ni. Kò sì yẹ kí wọ́n ti gbogbo àdúgbò pa. Ká ya àwòrán ihò ìṣọ́, páìpù, ẹ̀rọ omi panápaná àti ẹnu ọ̀nà, ká wá fòfin de ibẹ̀ nìkan.

Ẹnì kan ti ń bi mí bóyá ká kúkú ri òpó kọ̀ǹkéré síbẹ̀. Rárá o. Òpó irin tó ṣeé yọ ló dáa, kí ọkọ̀ panápaná lè wọlé. Kí wọ́n tó gbẹ́ ihò kankan fún un, kí wọ́n pe àwọn tó mọ ibi tí páìpù gáàsì gbà àti bí amọ̀ tó bo ààtàn ṣe nípọn tó.