Ara gbóná, apá le gan-gan: ẹ má tíì ra oògùn ibà

Ẹni yín tó ń lo oògùn ọpọlọ ni ara rẹ̀ gbóná, tẹ̀mómítà ti ju 38 lọ. Ẹ di apá rẹ̀ mú ná, kí ẹ rọra ká a níbi ìgbọ̀nwọ́. Bó bá rọ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ibà. Àfi bó bá jẹ́ clozapine ló ń lò: wọ́n gbọ́dọ̀ ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí oògùn yẹn lè run sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà.

Bí apá bá wá le bíi páìpù irin, tí òógùn bò ó, tí kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ fura sí oògùn. Neuroleptic malignant syndrome ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń pani.

Àwọn oògùn ọpọlọ bíi haloperidol, chlorpromazine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń dí dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, lọ́wọ́. Dopamine yìí náà ló ń bá wa ṣètò iṣan àti ìgbóná ara. Bí iṣan bá le pa, ooru á máa pọ̀ sí i, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, èyí tó fọ́ á sì lọ ba kíndìnrín jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi lè dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì.

Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tí wọ́n fi kún un ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Àìmu omi tó ń dá kún un, ẹ sì mọ oòrùn oṣù kẹta n'Ílọrin. Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyọ̀ǹda wà fún aláìsàn.

Bí ẹ bá ti rí àwọn àmì yìí lára ẹni yín, ẹ má fún un ní oògùn ọpọlọ tó kàn. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ún, ẹ máa fẹ́ ẹ. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da omi sí i lẹ́nu o, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ọ̀fà ni o, Òmù-Àrán ni o, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ kó páálí oògùn àti káàdì rẹ̀ dání. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ olóṣooṣù bíi fluphenazine, ẹ sọ ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn: kò ṣe é fà yọ, ó ṣì máa wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọrùn tó lọ́ tàbí ojú tó yí sókè láìsí ìgbóná, ìyẹn yàtọ̀: oògùn ọpọlọ náà ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe àlùjọ̀nnú. Abẹ́rẹ́ kan nílé ìwòsàn sábà máa ń tú u kó tó pé wákàtí kan.

Bó bá sì ń bì, ẹ má jẹ́ kí kẹ́mísítì fún un ní oògùn èébì tí wọ́n ń pè ní metoclopramide. Dopamine kan náà lòun náà ń dí.